Òǹgbẹ Ẹ́ńjìnnì Ló Bí Ìlú Rélùwéè Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Kí Ló Wá Pa Á?

Tí ẹ bá ti sùn sí Ṣómólú rí, ẹ ó mọ̀ pé òru ibẹ̀ kì í dákẹ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń kùn láti ojúlé dé ojúlé. Bí wọ́n bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ á gba iṣẹ́ ṣe. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, ìwé ọmọ iléèwé, páálí oògùn: ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń tẹ púpọ̀ nínú wọn. Àwa tí a dàgbà sí Ṣómólú àti Bàríga, ariwo yẹn gan-an ló ń gbé oorun wá fún wa.

Ní òpópónà wa, bàbá kan wà tí wọ́n máa ń ṣe péléètì fún àwọn atẹ̀wé. Péléètì ni irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń dè mọ́ ara ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti àwòrán tí ẹ fẹ́ tẹ̀ máa ń wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, Bàbá á gbé fíìmù lé péléètì, wọ́n á tan iná líle sí i, wọ́n á wá fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ nínú agbada ńlá kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ náà gba ojú, ó gba ọwọ́. Ìgbà tó yá, CTP dé: kọ̀ǹpútà ń kọ iṣẹ́ sórí péléètì tààrà, kò sí fíìmù láàárín mọ́. Iṣẹ́ Bàbá dín, ó tún dín, ó tán. Agbada yẹn ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó wọn ti gbin ewédú sínú rẹ̀. (Mi ò lè jẹ nínú ewédú yẹn o. Mo mọ kẹ́míkà tó ti gbébẹ̀ rí.)

Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n léèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀rọ ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín?"

Wọ́n mi orí. "Ẹ̀rọ ò gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Ẹ̀rọ tuntun yìí ni ò nílò ohun tí mò ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe bàbá mi ní rélùwéè Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Bọ́ílà tán, iṣẹ́ tán."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré yẹn, "bọ́ílà tán, iṣẹ́ tán", kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ mọ bóyá òótọ́ ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ láti Onípànù, mo gba Fádèyí àti Jibówú dé Yábàá, mo wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line dé Oyíǹgbò, mo wá fi ẹsẹ̀ rìn padà wọ inú Kọmpáùndì Rélùwéè.

Ẹ ò ní gbà pé àárín Èkó lẹ wà. Igi ńláńlá ló ń ṣíji bo títì. Àwọn ilé àtijọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ fún ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ọ̀kan nínú wọn ni Jaekel House, tí wọ́n kọ́ ní 1898. Ó ń jẹ́ orúkọ Francis Jaekel tó ti jẹ́ ọ̀gá ní rélùwéè nígbà kan, ó sì ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì àgbà rélùwéè wà, ibẹ̀ ni wọ́kíṣọ́ọ̀bù tó tóbi wà. Wọ́n ní ilé ìwòsàn tiwọn. Òun ló ti di ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta lónìí. Wọ́n tilẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé tiwọn, tó fi hàn pé kì í ṣe Ṣómólú ló kọ́kọ́ ń pariwo lóru. Ìlú kékeré kan ni, nínú ìlú ńlá.

Ìtàn ojú irin náà kò gùn púpọ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó ní 1896. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Irin dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó dé Jẹ́bà létí odò Ọya ní 1909. Ní 1912, wọ́n da rélùwéè Èkó pọ̀ mọ́ èyí tó ti Baro lọ sí Kánò, ó di ọ̀kan. Ìyẹn ni wọ́n kọ́ wa níléèwé. Ohun tí wọn ò kọ́ wa ni ìdí tí odidi ìlú fi ní láti wà nídìí ẹ́ńjìnnì.

Omi

Ẹ ronú ìkòkò tó ń hó lórí iná. Ìdérí rẹ̀ á máa jó. Ohun tó ń ta á sókè ni ooru omi. Lítà omi kan, tó bá di ooru níta gbangba báyìí, á gba àyè tó lé ní lítà 1,600. Tí ẹ bá wá há a mọ́ inú àgbá irin tó le, tí kò ráyè fẹ̀, á máa fi agbára wá ọ̀nà àbáyọ. Àgbá yẹn ni bọ́ílà. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń darí ooru yẹn sí inú sìlíńdà, á ti písítìnì, písítìnì á yí táyà irin. Ọkọ̀ á gbéra.

Lẹ́yìn tí ooru bá ti ti písítìnì tán, ńkọ́? Ó ń gba ẹnu ṣímínì jáde lọ sójú ọ̀run ni. Ohùn fàkàfìkì tí àwọn ọmọdé fi ń sín ọkọ̀ ojú irin jẹ, ooru tó ń sá jáde ni, ẹ̀ẹ̀kan fún písítìnì kọ̀ọ̀kan tó bá ti ṣiṣẹ́ tán. Omi tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn, kò ní padà wá.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Kìlógíráàmù èédú ilẹ̀ kan lè sọ omi tó tó lítà 6 sí 8 di ooru nínú bọ́ílà irú ẹ́ńjìnnì yìí. Tí awakọ̀ bá jó tọ́ọ̀nù èédú kan, tọ́ọ̀nù omi 6 sí 8 ló máa bá a lọ. Ẹ ò rí i pé kí èédú tó tán, omi á ti tán tipẹ́? Ẹ́ńjìnnì yìí kì í kọ́kọ́ pebi, òǹgbẹ ló ń kọ́kọ́ gbẹ ẹ́. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn sì ní láti ṣe ni pé kí wọ́n máa dúró lọ́nà láti bu omi.

Ìdí nìyẹn tí ilé omi fi wà káàkiri ojú irin láti Èkó dé òkè. Níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mumi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fa omi náà látinú odò tàbí kànga. Ojú irin kan ṣoṣo ló tún wà nígbà náà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní tésàn kí èyí tó ń lọ fi kọjá. Nítorí náà, ọ̀gá tésàn á wà, ẹni tó ń yí ojú irin á wà, àwọn gángì tó ń tún ojú irin ṣe á kọ́ ilé sítòsí. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n jókòó sójú fèrèsé, ebi ń pa wọ́n, ọkọ̀ ò tíì gbéra. Àwọn ìyá tó gbé ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ọsàn àti ìrèké lórí mọ iye ìṣẹ́jú tí bọ́ílà fi ń mumi ju awakọ̀ gan-an lọ. Lójú tèmi, ọjà tésàn jẹ́ ọmọ bíbí inú físíìsì. Tí ooru bá ń padà di omi nínú ẹ́ńjìnnì ni, ọ̀pọ̀ ọjà bẹ́ẹ̀ ì bá má sí rárá.

Ní ọ̀nà Ìbàdàn, tésàn kan wà láàárín Ifọ̀ àti Abẹ́òkúta tó ń jẹ́ Wáṣinmi. Wá, sinmi. Mi ò mọ orúkọ tó bá iṣẹ́ tésàn mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́

Òǹgbẹ nìkan kọ́ ni wàhálà bọ́ílà. Ẹ wo inú kẹ́tù tí wọ́n ti ń fi omi kànga sè fún ọdún kan. Ẹ ó rí èèpá funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú omi ni. Omi ń di ooru, ó ń lọ. Àwọn ò lè lọ, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irin. Nínú bọ́ílà, èèpá yìí ń dènà ooru láti wọ inú omi, irin tó wà nídìí iná á wá gbóná kọjá àyè rẹ̀. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irin á rọ̀, bọ́ílà lè bú. Nítorí náà, wọ́n ní láti máa pa iná, kí wọ́n dúró kí bọ́ílà tutù, kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi omi alágbára fọ inú rẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tún un dì. Lẹ́yìn ìyẹn, iná tuntun. Ẹ́ńjìnnì tó ti tutù kì í jí ní ìṣẹ́jú kan bíi mọ́tò. Ó ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí kí ooru tó tó. Tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra ní ìdájí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti máa koná láti òru.

Gbogbo ìyẹn, ọwọ́ èèyàn ni. Àwọn tó ń kó èédú, àwọn tó ń kó eérú, àwọn tó ń fọ bọ́ílà, alágbẹ̀dẹ, fítà, káfíńtà, àwọn tó ń yọ́ irin sínú ẹ̀yà ìdáńdá. Púpọ̀ nínú ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kò ṣe é rà lọ́jà, wọ́kíṣọ́ọ̀bù ló ń tún un ṣe tàbí kó rọ òmíràn. Bàbá aládùúgbò wa ní àwọn alágbẹ̀dẹ bọ́ílà máa ń mọ ara wọn lọ́nà: wọ́n máa ń kígbe sọ̀rọ̀, torí òòlù ti sọ etí wọn di aláìgbọ́ràn.

Ṣé ẹ wá rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ti kó ọwọ́ púpọ̀ jọ síbì kan. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń gbé pọ̀, wọ́n sì ń bínú pọ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, owó ọjà gun òkè, owó oṣù kò gùn. Ẹni tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni Michael Imoudu, tí òun náà kọ́ iṣẹ́ irin gígé ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Ìjọba amúnisìn tì í mọ́lé ní 1943, lẹ́yìn náà wọ́n ní kó lọ máa gbé ní Auchi. Ó padà sí Èkó ní oṣù kẹfà 1945, èrò rẹpẹtẹ tú jáde láti pàdé rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, ìyanṣẹ́lódì ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 jákèjádò Nàìjíríà sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ohun tó lé ní oṣù kan. Tí ẹ́ńjìnnì kò bá ní ẹni tó máa koná sí i, ẹ̀pà Kánò kò lè dé etíkun Èkó. Ìjọba mọ ìyẹn, Imoudu náà mọ̀ ọ́n.

Dísẹ́ẹ̀lì dé

Ní àárín àwọn ọdún 1950, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú dísẹ́ẹ̀lì, epo ń jó nínú sìlíńdà gan-an, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń ti písítìnì. Kò sí bọ́ílà láàárín. Omi tó ń mú un tutù kì í jáde lọ sójú ọ̀run, ó ń yí po nínú rédíétọ̀ ni, bíi ti mọ́tò. Nínú agbára 100 tó wà nínú èédú, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kì í rí ju bíi 6 sí 8 lò láti fa ọkọ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ń rí bíi 30 lò nínú epo tirẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń jí. Awakọ̀ kan tún lè so ẹ́ńjìnnì méjì pọ̀ kó máa wa méjèèjì láti iwájú. Láyé bọ́ílà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní awakọ̀ àti akónná tirẹ̀.

Onímọ̀ kankan tó bá wo ìṣirò yìí á ní kí wọ́n ra dísẹ́ẹ̀lì. Èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó bá a lọ: èédú, eérú, omi, ilé omi, ẹni tó ń fa omi, ẹni tó ń fọ bọ́ílà, akónná òru. Àní ìgbì náà dé Enugu, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú láti 1915, torí rélùwéè ni oníbàárà wọn tó tóbi jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, W. F. Cottrell, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí irú nǹkan yìí ní 1951. Ó sọ ìtàn ìlú kékeré kan nínú aṣálẹ̀ tó pè ní Caliente. Ìdí kan ṣoṣo tí ìlú náà fi wà níbẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì olóoru gbọ́dọ̀ dúró láti gba ìtọ́jú. Dísẹ́ẹ̀lì dé, ọkọ̀ ò dúró mọ́. Ohun tó dùn mí nínú àpilẹ̀kọ náà kì í ṣe pé ìlú náà ṣubú. Ohun tó dùn mí ni àwọn tó ṣubú lé lórí. Ẹni tó ń háyà ilé, tí kò bá ìlú náà mulẹ̀, kó ẹrù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ́ ilé, tó dá owó láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, òun ló pàdánù jù. Cottrell rí i pé àwọn tó ṣe gbogbo ohun tí àwùjọ ní kí ọmọlúwàbí ṣe gan-an ni wọ́n san owó ìlọsíwájú náà.

Nígbà tí mo kà á, ojú Bàbá oní-péléètì ni mò ń rí. Agbada yẹn, owó ara wọn ni wọ́n fi mọ ọ́n.

Ṣé bọ́ílà nìkan ni?

Níbi tí mi ò ti gba ti Bàbá nìyí. Ẹ̀bùté Mẹ́ta kì í ṣe Caliente. Dísẹ́ẹ̀lì náà ń fẹ́ àtúnṣe, wọ́kíṣọ́ọ̀bù ò sì ti ilẹ̀kùn pa lọ́jọ́ tí iná bọ́ílà kú. Ká ní ẹrù ń pọ̀ sí i lójú irin ni, alágbẹ̀dẹ bọ́ílà lè di ẹni tó ń tún mọ́tò iná ṣe. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹrù ń lọ. Owó epo rọ̀bì wọlé ní àwọn ọdún 1970, títì ọlọ́dà ń gbòòrò, márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn sì ṣí ní 1978. Tírélà ń gbé ẹrù láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ojú irin wa ńkọ́? Ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067 péré. Àwọn òyìnbó yan ìbú tóóró yẹn torí ó dínwó: irin tóóró lè yí kọ́nà tó há, kò dìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ òkè tàbí kọ́ afárá púpọ̀. Ẹni tó bá fi kọ́nà dín owó kù lónìí, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní lè sáré lọ́la. Ohun tí wọ́n ṣe ní 1896 ló ń fa ẹsẹ̀ ọkọ̀ sẹ́yìn ní 1978.

Àìtọ́jú dá kún un. Ní 1988, àjọ rélùwéè kéde pé owó ti tán lọ́wọ́ àwọn, ọkọ̀ sì dúró fún bí oṣù mẹ́fà.

Torí náà, ohun tí mo rí kò tó bí gbólóhùn Bàbá ṣe kúrú tó. Dísẹ́ẹ̀lì ló gba ìdí tí ìlú rélùwéè fi wà, títì àti àìbìkítà ló wá gba àyè tí ìbá fi rí ìdí mìíràn. Àwọn ìlú kéékèèké lójú ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí i. Ọkọ̀ tí kò mumi, kí ló fẹ́ dúró ṣe ní Wáṣinmi?

Ní oṣù kẹfà 2021, ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Ìbú tirẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435, ó gùn tó kìlómítà 157, kọ́nà rẹ̀ kò há. Tésàn rẹ̀ tó tóbi jù, Mobolaji Johnson, Ẹ̀bùté Mẹ́ta náà ló wà. Lẹ́yìn Agége, ó ń dúró ní Agbádó, Kájọlà, Pápálàńtò, Abẹ́òkúta, Olódó, Òmì-Àdìó, kó tó dé Móníyà. Ẹ wá Wáṣinmi nínú orúkọ wọ̀nyẹn, ẹ ò ní rí i. Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá 2024; ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ rẹ̀ fún, ìyẹn ò gbà á, ó bá di tiwa. Dísẹ́ẹ̀lì ló ń fà á. Ó dúró ní Yábàá níwọ̀n ìgbà tí èrò fi wọlé, ilẹ̀kùn pa dé, a ti lọ. Kò sí ìyá ẹlẹ́kọ kankan tó lè ta nǹkan gba ojú fèrèsé yẹn. Kì í ṣí.

Mo padà sí Ṣómólú ní ìrọ̀lẹ́, mo ya ọ̀dọ̀ Bàbá láti ròyìn. Mo sọ ti títì márosẹ̀, mo sọ ti kọ́nà tó há. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n wọlé, wọ́n mú òòlù kékeré kan jáde, èèkù rẹ̀ ti dán. Ti bàbá wọn ni. Nínú bọ́ílà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ bóòtù ló di irin inú mọ́ irin ìta, ojú ò sì lè rí èyí tó bá ti ṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ bọ́ílà á máa fi irú òòlù yìí kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fetí sí i. Èyí tó yè á dún gooro. Èyí tó ti ṣẹ́ á dún bíi pé ẹ kan igi tútù.

Bàbá fi òòlù náà kan etí agbada ewédú. "Ìwọ gbọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n sún síwájú díẹ̀, wọ́n tún kàn án. Ohùn rẹ̀ yí padà. Wọ́n fi ìka sí ojú ibẹ̀, wọ́n ní omi á máa jò níbẹ̀ tí ó bá di ọdún tó ń bọ̀.